Ta Ni Dókítà Ń Sìn? Ẹ̀kọ́ Lórí Òmìnira Nínú Iṣẹ́ Ìṣègùn



Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé tí ó ti gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn rí bi ara rẹ̀. Nígbà tí dókítà bá dúró lẹ́bàá ibùsùn, ta ni ó ń sìn? Ṣé aláìsàn tí ó dùbúlẹ̀ ni, tàbí ẹbí tí ó san owó, tàbí ọ̀gá tí ó gbà á sí iṣẹ́, tàbí ìjọba tí ó fi í sí ipò? Ní ọjọ́ tí gbogbo wọn bá ń fẹ́ ohun kan náà, ìdáhùn kò ṣòro. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bẹ tí aláṣẹ yóò fẹ́ ohun kan, tí àìsàn yóò sì béèrè ohun mìíràn. Ní ọjọ́ náà ni a ń mọ irú ẹni tí dókítà jẹ́.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. A ó kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn oníṣègùn fúnra wọn ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn èyí a ó gbé ìtàn méjì yẹ̀ wò tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí, ọ̀kan ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1977, èkejì ní ìlú Èkó ní ọdún 2014. Ní ìkẹyìn a ó bi ara wa ní ohun tí ó kàn wá nínú wọn.

I. ẸJẸ́ ÀWỌN ONÍṢÈGÙN

Ọ̀ràn yìí ti pẹ́ láyé. Ẹni tí ó bá ka ìwé Ẹ́kísódù yóò rántí àwọn agbẹ̀bí méjì, Ṣífúrà àti Púà, tí Fáráò pàṣẹ fún pé kí wọ́n máa pa gbogbo ọmọkùnrin tí àwọn obìnrin Hébérù bá bí. Wọ́n kọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti gba ẹ̀mí là ní ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Wọn kò gbà kí ọba sọ iṣẹ́ náà di ìpànìyàn.

Ní ilẹ̀ Gíríìkì, ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, ìbúra kan jáde tí a fi orúkọ Hippocrates oníṣègùn pè. Ẹni tí ó bá búra náà jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ire aláìsàn ni òun yóò máa fi ìmọ̀ òun wá, pé òun kò ní fi oògùn ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, àti pé ohun àṣírí tí òun bá rí tàbí tí òun bá gbọ́ nínú ilé aláìsàn kò ní ti ẹnu òun jáde. Láti ìgbà náà wá ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń mú àwọn dókítà wọn jẹ́jẹ̀ẹ́ irú èyí.

Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ìbúra nìkan kò tó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Jámánì sọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n di ohun ìdánwò. Wọ́n fi àrùn, májèlé àti òtútù líle dán ara wọn wò láìgba ìyọ̀ǹda wọn, ọ̀pọ̀ sì kú. Láti oṣù kejìlá ọdún 1946 títí di oṣù kẹjọ ọdún 1947, a mú ènìyàn 23 wá sí ìdájọ́ ní ìlú Nuremberg, 20 nínú wọn sì jẹ́ dókítà. A dá 16 lẹ́bi, a sì dá ẹjọ́ ikú fún 7. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi àṣẹ ìjọba wọn ṣe àwíjàre. Àwọn adájọ́ kọ ìlànà mẹ́wàá sílẹ̀, èkíní wọn sì ni pé a kò gbọ́dọ̀ lo ara ènìyàn fún ìdánwò bí òun fúnra rẹ̀ kò bá fi ìmọ̀ àti ìfẹ́ inú ara rẹ̀ yọ̀ǹda.

Ní ọdún 1947 yìí kan náà ni a dá Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Àgbáyé sílẹ̀. Ní ọdún 1948, ní ìlú Geneva, ẹgbẹ́ náà tún ẹ̀jẹ́ àtijọ́ ṣe, ó sì fi kún un pé dókítà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀sìn, tàbí ìran, tàbí orílẹ̀-èdè, tàbí ọ̀ràn ìṣèlú, tàbí ipò ènìyàn láwùjọ, wọ àárín òun àti ojúṣe òun sí aláìsàn. Ní ọdún 1975, ní ìlú Tokyo, ẹgbẹ́ náà tún sọ ọ́ gbangba pé dókítà kò gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí ìfìyàjẹni lọ́nàkọnà, àti pé nígbà tí ó bá ń pinnu ìtọ́jú ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní òmìnira pátápátá.

Kí ni a ń pè ní òmìnira yìí? Òun ni ẹ̀tọ́ dókítà láti wo aláìsàn, láti ronú lórí ohun tí ó rí, àti láti sọ òtítọ́ rẹ̀, láìsí pé ẹni tí ó ni agbára tàbí tí ó ni owó ń darí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé oyè tí a fi ń dá dókítà lọ́lá ni. Aláìsàn gan-an ni ó ni ín, nítorí pé òun ni yóò jìyà bí òmìnira náà bá sọnù. Ìtàn tí ó tẹ̀ lé e yìí yóò fi hàn wá.

II. PORT ELIZABETH, 1977

Steve Biko jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù Áfíríkà ní àkókò tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà àwọn aláwọ̀ funfun wà lórí oyè níbẹ̀. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn díẹ̀ ní Yunifásítì Natal kí ó tó fi gbogbo agbára rẹ̀ sí kíkọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fojú tín-ín-rín ara wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1977, àwọn ọlọ́pàá mú un lójú ọ̀nà. Wọ́n tì í mọ́lé ní Port Elizabeth, wọ́n bọ́ ọ sí ìhòhò, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ní ọwọ́ wọn ni ó ti fi orí pa gidigidi.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pe Dókítà Ivor Lang, ọ̀kan nínú àwọn dókítà ìjọba ní àgbègbè náà. Ó rí ọgbẹ́ ní ètè ọkùnrin náà. Ó rí i pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, pé kò sì lè fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò rí àmì àìsàn kankan. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Benjamin Tucker, dá sí ọ̀ràn náà. A fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn aláìsàn náà, a sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú omi náà, èyí tí í ṣe àmì pé ọpọlọ lè ti fara pa. Pẹ̀lú gbogbo èyí, a dá a padà sí inú túbú àwọn ọlọ́pàá.

Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, a bá a nílẹ̀, ìfófòó ń jáde ní ẹnu rẹ̀. Dókítà Tucker fẹ́ kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó wà nínú ìlú náà. Ọ̀gá ọlọ́pàá kọ̀. Ó ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Pretoria. Dókítà náà gbà. A tẹ́ Biko sí ẹ̀yìn ọkọ̀ Land Rover ní ìhòhò, a sì wà á lọ ní ọ̀nà tí ó ju 1,000 kìlómítà lọ, láìsí dókítà, láìsí nọ́ọ̀sì, láìsí lẹ́tà kan ṣoṣo tí yóò sọ ohun tí ó ń ṣe é fún àwọn tí yóò gbà á. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ó kú ní Pretoria. Ọmọ 30 ọdún ni.

Ní ilé ẹjọ́ tí ó wádìí ikú náà, agbẹjọ́rò Sydney Kentridge bi Dókítà Tucker léèrè bóyá ìbúra oníṣègùn kò fi ire aláìsàn ṣáájú ohun gbogbo. Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Agbẹjọ́rò náà tún bi í bóyá nínú ọ̀ràn yìí a kò fi ire náà sí abẹ́ ọ̀ràn ààbò ìlú. Ó tún dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó sọ pẹ̀lú pé òun kò mọ̀ pé dókítà lè yí ìpinnu ọ̀gá ọlọ́pàá padà nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí, kí a rò ó. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé àwọn dókítà yìí fi ọwọ́ kan Biko láti lù ú. Kálàmù àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan ni wọ́n lò. Ìwé kan tí a kọ èké sí, àti “ó dára” kan tí a sọ níbi tí ó yẹ kí a ti sọ “rárá”, ìwọ̀nyí ni ó dí gbogbo ọ̀nà tí ẹ̀mí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ìbá gbà là.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1980, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe àkóso àwọn dókítà ní Gúúsù Áfíríkà sọ pé kò sí ẹjọ́ tí àwọn méjèèjì ní láti jẹ́. Àwọn dókítà mìíràn, Frances Ames àti Phillip Tobias wà lára wọn, kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì borí ní ọdún 1985. Ìgbìmọ̀ náà tún ẹjọ́ náà gbọ́, ó dá àwọn méjèèjì lẹ́bi, ó bá Lang wí, ó sì yọ orúkọ Tucker kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn dókítà. Ní ọdún 1991, Tucker tọrọ àforíjì. Ó jẹ́wọ́ pé nítorí pípẹ́ tí òun ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìjọba, díẹ̀díẹ̀ ni òun ti sọ ìgboyà àti òmìnira tí ó yẹ dókítà nù. A sì dá orúkọ rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ “díẹ̀díẹ̀” yìí ni kí a dì mú. Òmìnira kì í ṣáábà sọnù ní ọjọ́ kan. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ojúrere kékeré tí a ṣe fún ọ̀gá, àti ìwé kékeré tí a fọwọ́ sí láìwo aláìsàn, títí ọjọ́ ńlá yóò fi dé tí ẹni náà yóò wá agbára láti kọ̀, tí kò ní rí i mọ́.

III. ÈKÓ, 2014

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé. Ní ọdún 2014, àrùn Ebola ń jà ní Guinea, Sierra Leone àti Làìbéríà. Ẹ̀jẹ̀, èébì, òógùn àti omi mìíràn tí ó bá jáde lára aláìsàn ni ó fi ń ran ẹlòmíràn. Nígbà náà, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un tí a ti fọwọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn tí a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń wò ó. Kí ó tó rọlẹ̀ ní ọdún 2016, ènìyàn tí ó lé ní 28,000 ni ó mú ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta wọ̀nyí, ó sì pa èyí tí ó lé ní 11,000 nínú wọn.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún náà, Patrick Sawyer, òṣìṣẹ́ ìjọba Làìbéríà, bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó. Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó fẹ́ lọ ní Calabar. Ara rẹ̀ kò yá rárá. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba wà nínú ìyanṣẹ́lódì nígbà náà; nítorí náà a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Obalende, tí a ń pè ní First Consultants. Ó sọ fún wọn pé òun kò bá ẹnikẹ́ni tí ó ní Ebola pàdé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú ibà fún un.

Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, àgbà dókítà ilé ìwòsàn náà, wá wò ó. Ó rí i pé oògùn ibà kò ràn án. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìwòsàn náà tí ó ti rí aláìsàn Ebola rí, ṣùgbọ́n ó rò ibi tí ọkùnrin náà ti wá, ó rò àwọn àmì tí ó wà lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àrùn náà. Ó ní kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀; ó fi ọ̀rọ̀ náà tó ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ létí; ilé ìwòsàn náà kò ní yàrá tí a kọ́ fún irú àrùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n fi ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó ya aláìsàn náà sọ́tọ̀.

Nígbà náà ni ìdánwò dé. Àwọn aṣojú ìjọba Làìbéríà ránṣẹ́ pé kí a dá ọkùnrin náà sílẹ̀ kí ó lè lọ sí ìpàdé rẹ̀. Wọ́n ní bí a ti dá a dúró yìí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni a fi ń dù ú. Ẹ wo ibi tí obìnrin yìí dúró sí. Èsì àyẹ̀wò kò tíì dé. Bí ó bá ṣe pé àṣìṣe ni, orúkọ rẹ̀ àti ti ilé ìwòsàn náà ni yóò bàjẹ́, ọ̀ràn náà sì lè di ìjà láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Bí ó bá fọwọ́ sí i pé kí ó máa lọ, kò sí ẹni tí yóò bá a wí ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rí ni ó rí. Ó kọ̀ láti fọwọ́ sí i, olórí ilé ìwòsàn náà sì dúró tì í. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje, Sawyer kú nínú ilé ìwòsàn náà. Àyẹ̀wò sì fi hàn pé Ebola ni.

Èkó jẹ́ ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Bí ọkùnrin náà bá jáde lọ sí ìpàdé, tí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, tí ó bá àwọn ènìyàn bọwọ́, tí ó sì sùn ní ilé ìtura, ta ni yóò lè ka iye ẹni tí àrùn náà ìbá dé ọ̀dọ̀ wọn? Nítorí pé a dá a dúró sí ojú kan, ó ṣeé ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti wá àwọn tí ó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn rí. Ènìyàn 894 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì ṣe àbẹ̀wò sí wọn ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ní ìparí, ènìyàn 20 péré ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní ilẹ̀ wa.

Dókítà Adadevoh kò rí ọjọ́ náà. Àrùn náà ràn án, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta mìíràn nínú ilé ìwòsàn náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ará ìjọ wa yóò fẹ́ mọ̀ pé Herbert Macaulay ni ó bí ìyá tí ó bí baba obìnrin yìí, Macaulay sì jẹ́ ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ìdílé tí ó fi ìwé kíkà lé wa lọ́wọ́ ni ó ti wá, ó sì fi ìgboyà kún ogún náà.

IV. ÒMÌNIRA KÌ Í ṢE ÀÌLÓFIN

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Ǹjẹ́ èyí wá túmọ̀ sí pé dókítà lè dá ènìyàn dúró nígbàkúùgbà tí ó bá wù ú?” Rárá o. Ìmọ̀ dókítà kò sọ ọ́ di ọba lórí ara ẹlòmíràn. Àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ, kódà bí dókítà bá rò pé yóò ṣe é ní àǹfààní. Àlàyé ni dókítà lè ṣe, ẹ̀bẹ̀ ni ó lè bẹ̀. Kò lè fi ipá ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn ẹnìkan bá lè pa àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ọ̀ràn náà ti ju ti ẹnìkan lọ, òfin ìlera ìlú sì fi àyè sílẹ̀ pé kí a ya irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ òmìnira tòótọ́ yàtọ̀ sí agídí tàbí ìfẹ́ inú ara ẹni? Ìdánwò mẹ́ta ni a lè fi mọ̀ ọ́n. Èkíní: ire ta ni dókítà ń wá nínú ìpinnu náà? Èkejì: ṣé ohun tí ó rí lára aláìsàn ni ó gbé ìpinnu náà kà? Ẹ̀kẹta: ṣé ó ṣe é ní gbangba, tí ó sì fi tó àwọn tí ó yẹ kí ó mọ̀ létí? Nínú gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Dókítà Adadevoh yege.

Ìdánwò kẹta yìí ṣe pàtàkì gidigidi. Ní àkókò yẹn kan náà, ẹnìkan nínú àwọn tí ó ti súnmọ́ Sawyer, tí a ní kí ó má ṣe kúrò ní Èkó, yọ́ lọ sí Port Harcourt. Dókítà kan tọ́jú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ nínú ilé ìtura, kò sì fi tó ìjọba létí. Ara ẹni tí ó tọ́jú náà yá, ṣùgbọ́n àrùn mú dókítà náà. Ó sì tún ń tọ́jú àwọn ẹlòmíràn fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ó kú. Aláìsàn mìíràn tí ó wà ní ilé ìwòsàn kan náà pẹ̀lú rẹ̀ kú pẹ̀lú, a sì ní láti máa ṣọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ní ìlú náà. A kò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn olóògbé náà, bóyá àánú ni, bóyá ẹ̀bẹ̀ ni ó borí rẹ̀. A kò sì dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n a rí i kedere pé àánú tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀ lè di ewu fún ìlú.

Nítorí náà ni orílẹ̀-èdè fi ń ní ìgbìmọ̀ tí dókítà ń jíhìn fún. Ní Nàìjíríà, Ìgbìmọ̀ Àwọn Dókítà àti Oníṣègùn Eyín ni ó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí ó sì lè bá ẹni tí ó bá ṣẹ̀ wí tàbí kí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òmìnira àti ìjíhìn jọ ń rìn ni. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìgbìmọ̀ tí ó yẹ kí ó dúró ti ẹ̀jẹ́ náà kọ́kọ́ gbè sí ẹ̀yìn alágbára. Ilé ẹjọ́ àti àwọn dókítà onígboyà ni ó tún un ṣe.

V. OHUN TÍ Ó KÀN WÁ NÍ ILÉ

Bóyá olùkàwé kan yóò sọ pé, “Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá, èmi kì í sì í ṣe aṣojú ìjọba, kí ni ó kàn mí?” Ó kàn wá púpọ̀, nítorí pé àwa fúnra wa ni ó máa ń ti àwọn dókítà wa kiri lójoojúmọ́, láìmọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí a mú mẹ́rin nínú ọ̀nà tí a fi ń ṣe é.

Èkíní ni ìwé ẹ̀rí èké. Ẹnìkan pa iṣẹ́ jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìnáwó. Ó lọ bá dókítà tí í ṣe ìbátan rẹ̀ pé kí ó kọ ọ́ pé ibà ni. Ó dàbí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n kálàmù tí ó kọ èyí ni yóò kọ èyí tí ó tóbi jù ú lọ ní ọ̀la. Àwọn àgbà ní, “Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké.” Ẹ má ṣe jẹ́ kí a jẹ́ oníbàárà ọjà náà.

Èkejì ni àyẹ̀wò kí a tó ṣe ìgbéyàwó. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá jẹ́ AS àti AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti pé ọmọ náà lè jẹ́ SS, tí yóò máa jìyà àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí òbí bá bẹ ẹni tí ó ṣe àyẹ̀wò pé kí ó yí èsì padà nítorí pé a ti ra aṣọ ìgbéyàwó, ọmọ tí a kò tíì bí ni ó ń rẹ́ jẹ. Bákan náà, èsì àyẹ̀wò náà jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Kí àlùfáà, tàbí baba ìyàwó, tàbí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà lẹ́yìn wọn. Àwọn ni kí a bi, àwọn náà ni yóò sì sọ ọ́ bí wọ́n bá fẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìbòmọ́lẹ̀ tí a ń ṣe nítorí ìfẹ́. A gbé bàbá arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn, orí rẹ̀ pé, ó ń sọ̀rọ̀, àkọ́bí rẹ̀ fa dókítà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ ohun tí ó ń ṣe wọ́n.” Ìfẹ́ ni ó mú ọmọ náà sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ara ta ni? Bàbá náà lè ní gbèsè tí ó fẹ́ san, ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ bá àwọn ọmọ sọ, tàbí iṣẹ́ abẹ tí òun kò ní fẹ́ kí a ṣe. Kí a jẹ́ kí dókítà fi pẹ̀lẹ́tù béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti fẹ́ gbọ́ tó. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí a máa bá ọmọ òun sọ ọ́, nígbà náà àṣẹ rẹ̀ ni a tẹ̀ lé.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Àwọn àgbà tún ní, “Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì.” Dókítà tí ó ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ta oògùn, tàbí tí ẹni tí ó ni ilé ìwòsàn ń yẹ̀ wò nípa iye owó tí ó bá mú wọlé, ojú lè máa tì í láti sọ pé aláìsàn kò nílò oògùn náà tàbí àyẹ̀wò náà. Aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Dókítà, kí ni ẹ rí? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe é? Ǹjẹ́ mo lè gbọ́ ti ẹnu dókítà mìíràn?” Dókítà rere kì í bínú sí ìbéèrè yìí.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti olùṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀kọ́ yìí wà fún yín ní pàtàkì. Ọjọ́ ńlá lè má dé bá yín láéláé, ọjọ́ kékeré kò sì ní ṣàìdé. Ẹ fi “rárá” kékeré kọ́ ẹnu yín, kí ó má ba à ṣàjèjì sí i nígbà tí “rárá” ńlá bá tó sọ. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ alábòójútó wọn, ẹ dúró tì wọ́n bí olórí ilé ìwòsàn Obalende ti dúró ti dókítà rẹ̀. Nítorí pé ó ṣòro púpọ̀ fún ẹnìkan láti dá dúró níwájú alágbára. Àti àwa yòókù, nígbà tí dókítà bá sọ òtítọ́ tí kò dùn mọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a mú sùúrù, kí a má ṣe sọ ọ́ di ọ̀tá wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ẸGBẸ́ AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Ọ̀gá ọlọ́pàá ni ó kọ̀ kí a gbé Biko lọ sí ilé ìwòsàn inú ìlú. Kí ni Dókítà Tucker ìbá ti ṣe lẹ́yìn tí ó gbọ́ ìdáhùn náà?

2. Kí ni ó fún Dókítà Adadevoh ní ìgboyà láti dúró nígbà tí èsì àyẹ̀wò kò tíì dé? Bí èsì náà bá fi hàn pé ibà lásán ni, ǹjẹ́ a ó sọ pé ó ṣe ibi?

3. Dókítà gbọ́dọ̀ pa àṣírí aláìsàn mọ́; ó sì gbọ́dọ̀ dáàbò bo ìlú. Nígbà wo ni ó yẹ kí ó sọ ohun tí ó mọ̀, ta ni ó sì yẹ kí ó sọ ọ́ fún?

4. Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí a kà sókè yìí, èwo ni ó wọ́pọ̀ jù ní àdúgbò yín? Báwo ni ẹ ṣe lè fòpin sí i láàárín ara yín?